Epo Lára Aṣọ Ìyàwó

Ẹ̀kán epo pupa kan ni wọ́n kán sínú igbá omi. Ó ká ara rẹ̀ jọ lójú omi, ó ń wò wá bí ojú ẹyẹlé. Wọ́n wá fi ìka tí ọṣẹ dúdú wà lára rẹ̀ kan omi náà. Kíá, epo sá lọ sétí igbá.

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń wí i, ọmọ mi. Ìyá àgbà tó ń se ọṣẹ lágbo ilé wa ní Ìlá ni mò ń sọ. Òórùn eérú èèpo kòkó kì í kúrò lára wọn. Láràárọ̀ la máa ń gbọ́ igi tí wọ́n fi ń ro ọṣẹ, gbùùrù, gbùùrù, nínú ìkòkò.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó ku ọ̀la kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sílé ọkọ. Aṣọ funfun tí ìyá wa fọwọ́ hun ló fẹ́ ró, kò sí òmíràn. A sá a sórí okùn, epo àkàrà bá ta sí i. Ìyá wa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò lọ. Wọ́n bá bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ sómi ọṣẹ, ṣebí iyọ̀ la fi ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ọṣẹ ṣù bí wàrà tó dì, kò hó mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún.

Ìyá àgbà gbọ́ ẹkún rẹ̀, wọ́n wá wo inú ọpọ́n ìfọṣọ. “Ìwọ yìí, ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè ni?”

“Ẹ ṣàánú mi, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín,” ni ìyá wa wí.

Ìgbà náà ni ìyá àgbà gbé igbá omi yẹn kalẹ̀ fún wa, tí wọ́n kán epo sí i.

“Epo àti omi ò ní bára sọ̀rọ̀ láìsí alárinà. Ọṣẹ ni alárinà wọn. Iyọ̀ bíńtín máa ń ràn án lọ́wọ́. Bó bá ti pọ̀ jù, alárinà á kó ẹrù rẹ̀ jáde.”

Wọ́n da omi iyọ̀ nù, wọ́n fi omi òjò ṣan aṣọ náà, wọ́n po ọṣẹ tuntun, wọ́n sì fi ìka méjì pere mú iyọ̀ sí i. Ìyá wa nawọ́ sí iyọ̀, wọ́n fẹ́ fi kún un. Ìyá àgbà gbá ọwọ́ náà. Wọ́n ń fọwọ́ ra aṣọ náà jẹ́jẹ́ títí omi fi pọ́n. Àbàwọ́n rúsúrúsú díẹ̀ ló kù létí rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi ró ibẹ̀ sínú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ró o lọ sílé ọkọ, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ìyá àgbà ti lọ, ọṣẹ oníyẹ̀fun lẹ̀ ń lò báyìí. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ mi bá ń jà, tí wọ́n ní kí n dá sí i, mo máa ń rántí bí wọ́n ṣe gbá ọwọ́ ìyá mi. Màá sọ bíńtín, màá sì panu mọ́.