Àpótí Méjì Lórí Ìwọ̀n Kan

Títí di òní, bí mo bá fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ní Sabon Gari ni í padà sí mi lọ́kàn. Láti Kwangila ni mo ti fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, nítorí ara mi kò lélẹ̀ tó láti dúró de takisí. Nígbà tí mo sì dé ìpàdé ẹgbẹ́ àwa Yorùbá, n kò lè jókòó.

Àwa Yorùbá Zaria ìgbà náà ní kíláàsì méjì tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá kíkà lópin ọ̀sẹ̀: ọ̀kan wà ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ní ọgbà mọ́ṣáláṣí. Èmi ni tíṣà ti mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn ìdánwò kan, ẹgbẹ́ wa sọ pé ìpíndọ́gba máàkì ti ṣọ́ọ̀ṣì ga ju tiwa lọ, kí a kúkú ti kíláàsì mi pa, kí àwọn ọmọ mi máa lọ sí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ bàbá kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ilé ni àwọn ọmọ náà yóò jókòó sí, Yorùbá yóò sì bọ́ lẹ́nu wọn. Àwọn àgbà ní ìka ò dọ́gba. Ìpíndọ́gba a máa ṣe bí ẹni pé wọ́n dọ́gba.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ àwòrán kan tó ń fi bí máàkì ṣe tò hàn ní yunifásítì nígbà náà, orí mi sì ti wú. Ó dá mi lójú pé yóò fi hàn pé kíláàsì mi ló dára jù. Nílé, mo ya ti kíláàsì kọ̀ọ̀kan sórí ìwé tirẹ̀, àwòrán méjèèjì sì jọra bí ìbejì. Mo ti ń rẹ́rìn-ín pé, ó kéré tán, tiwa kò rẹlẹ̀, kí n tó rí i pé ìwọ̀n tí mo lò fún wọn kò bára mu. Ẹni tó bá fi mudu ńlá wọn ọkà kan, tó fi kékeré wọn èkejì, ara rẹ̀ ló tàn. Mo fa ìwé náà ya.

Ní ìpàdé, lójú àwọn àgbà, mo fi ṣọ́ọ̀kì to máàkì kíláàsì mi sórí pátákó láti èyí tó kéré jù dé èyí tó ga jù. Mo fa ìlà sí máàkì ọmọ tó wà láàárín, mo ya àpótí yí ìdajì àwọn ọmọ tó wà láàárín ká, mo wá fa ìrù láti ara àpótí lọ sí ìpẹ̀kun méjèèjì. Mo ya ti kíláàsì kejì sábẹ́ rẹ̀, lórí ìwọ̀n kan náà.

Alága ẹgbẹ́ na ọrùn. "Tíṣà, pósí ta ni ò ń kàn yìí?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo fi ṣọ́ọ̀kì tọ́ka sí pátákó.

"Bàbá, ẹ wo ìlà àárín. Méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Ìrù ìsàlẹ̀ tiwa ló gùn, òun ló fa ìpíndọ́gba wa wálẹ̀."

"Ọmọ ta ló wà nínú ìrù ọ̀hún?"

Mo dá a lóhùn: "Àwọn tí a bí síbí ni, Bàbá, tó jẹ́ pé Hausa ni wọ́n ń sọ nílé. Ọmọ-ọmọ yín wà lára wọn."

Ìyá oníṣòwò kan, ará Ìlọrin, ló kọ́kọ́ la ẹnu: "Haba, Alága! Ìrù tí ẹ fẹ́ gé, ìdí yín ló wà!"

Alága pàápàá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá kí i ní Yorùbá, Hausa ló fi ń dá mi lóhùn. Bí a bá ti ibẹ̀ pa, ta ni yóò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ogbó? Ẹ fi kíláàsì náà sílẹ̀."

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà láti fi hàn pé àwọn ọmọ mi ló mọ̀wé jù. Pátákó kò gbè mí. Àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà ló gba kíláàsì là. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ka ìpíndọ́gba sí mi létí lónìí, n kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ títí n ó fi béèrè ọmọ ta ló wà nínú ìrù.