Ẹsẹ̀ Ẹyẹ Inú Ẹ̀gbà Ìyá Mi

Nígbà tí ìyá mi kú, ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà kan ni ó kàn mí nínú ẹrù rẹ̀. Ó wà nínú àkísà funfun nísàlẹ̀ àpótí aṣọ, n kò sì rí i lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ara rẹ̀ ń dán, kò ní iṣẹ́ ọnà kankan níta. Nínú ni wọ́n ti fi nǹkan mímú fa ìlà mẹ́ta tó pàdé nídìí, bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí yanrìn.

Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ obìnrin nígbà náà. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀gbà náà ṣe tọmọ. Mo ní kó ní sùúrù. N kì í fi ohun tí n kò mọ ibi tó ti wá sí ọmọ lára. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é, àti ọwọ́ ẹni tó ti wà rí.

“Ẹ̀rù ń bà yín jù, Màmá,” ó wí.

Òótọ́ ni. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Lọ́dún náà ni ọkọ̀ ojú omi dojú dé pẹ̀lú wa lórí ọ̀sà Àgbádárìgì, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Wọ́n yọ mí. Wọn kò yọ òun. Ìyá mi sọ fún mi pé omi kò dá a padà. A kó lọ sí Mòwó, kò sì tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí mo bá rí obìnrin tó ga lọ́jà, mo máa ń wo ojú rẹ̀ dáadáa, bóyá àwọn kan ló gbé ẹ̀gbọ́n mi jáde níbòmíràn tí wọ́n sì tọ́ ọ dàgbà.

Ẹ̀gbọ́n mi náà ní ẹ̀gbà fàdákà tirẹ̀, tó ní òdòdó kéékèèké lára. Òun ni àkọ́bí, òun nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ibẹ̀ ni gbogbo wa máa ń dì mú bí a bá fẹ́ fà á. Ìyá wa ń fi fà á kúrò nídìí eré, èmi ń fi fà á bí ó bá ń yára jù fún mi. Ibẹ̀ náà ni mo dì mú nínú omi. Ó tutù, ó sì yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo gbé ẹ̀gbà ìyá mi lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Láàárín àwọn tó ń ṣẹ́ owó níbẹ̀, ọkùnrin kan wà tó ń ra wúrà àti fàdákà àtijọ́. Ó fi awò kékeré sí ojú kan, ó ń yí ẹ̀gbà náà síwá sẹ́yìn.

“Màmá, ṣé ẹ fẹ́ tà á ni, àbí kí n kàn máa wò ó bí ìyàwó oníyàwó?”

“Wò ó, kí o dá a padà fún mi. Ta ló ṣe é?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ ẹsẹ̀ ẹyẹ yẹn, àmì bàbá tó kọ́ ọ̀gá òun níṣẹ́ ni. “Bàbá Ègùn kan ni. Wọ́n ṣì wà láyé. Tòpó ni wọ́n ń gbé. Ẹ kàn wọ ọkọ̀ ojú omi, kò jìnnà.”

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé èbúté tí mo yí padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo wọ ẹ̀wù tí ń gbéni léfòó, mo tún ní kí awakọ̀ fún mi ní ìkejì. Obìnrin kan nínú èrò fi mí rẹ́rìn-ín: “Màmá, ṣé ẹ̀yin méjì lẹ wọlé ni?” Mo di ojú títí a fi gúnlẹ̀.

Bàbá náà jókòó lábẹ́ igi àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó fi Ègùn kí mi. Nígbà tó rí i pé n kò gbọ́ ọ dáadáa, ó yí i sí Yorùbá. Àtàǹpàkò ló fi ń tẹ ẹ̀gbà náà yíká, díẹ̀díẹ̀.

“Ẹ̀gbà ọmọdé ni,” ó wí.

“Bàbá, ẹ̀gbà àgbà ni. Ó wọ̀ mí.”

“Ó wọ̀ ọ́ báyìí.”

Ó mú ìka mi, ó gbé e lé ibì kan tó nípọn díẹ̀. Ó ní bí àwọn bá ṣe ẹ̀gbà fún ọmọ, àwọn kì í ṣe òmíràn bí ọmọ bá dàgbà. Wọ́n á gbé e padà wá, òun á là á, òun á fi iná lẹ fàdákà díẹ̀ mọ́ ọn. Ojú ibi tí òun lẹ̀ kò lè pamọ́ fún ọwọ́ òun.

“Ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ̀ẹ̀kan nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Èyí tó gùn yìí,” ó tún tẹ ibẹ̀, “kì í ṣe torí pé ọmọ dàgbà. Ìwọ lo yè, àbí?”

Mo ní èmi ni.

Ó ní ọjọ́ kejì ni omi gbé ẹ̀gbọ́n mi wá sí etí Tòpó. Ọwọ́ rẹ̀ ti wú, ẹ̀gbà kò ṣeé bọ́, wọ́n sì pe òun kí òun wá gé ẹ̀gbà náà. Etí omi ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ṣe ń sin ẹni tí omi gbé. Ìyá mi dé. Àwọn àgbà ní kó máa lọ, pé òbí kì í rí ibojì ọmọ. Kò lọ. Ó dúró títí wọ́n fi bò ó tán.

“Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ló gbé ẹ̀gbà náà wá. Ó ní kí n pa á dé, kí n sọ ọ́ di ńlá, kí n ha òdòdó ara rẹ̀ kúrò. Mo ní, kí ló dé? Ó ní, ‘Èyí tó kù nílé lè rí i. Ibẹ̀ ló dì mú.’”

N kò rántí pé mo sọ ibi tí mo dì mú fún un rí.

“Ọdọọdún ló ń wá,” bàbá náà wí.

Ọdọọdún ni ìyá mi ń sọ pé òun ń lọ ra aṣọ ní Sẹ̀mẹ̀. Ó máa ń padà láìra aṣọ, etí ìró rẹ̀ á sì tutù.

Bàbá náà fi ọ̀pá tọ́ka ibojì náà fún mi. Yanrìn lásán ni, pẹ̀lú koríko díẹ̀. Mo jókòó níbi tí ìyá mi ti máa ń jókòó. Láti ọjọ́ náà, n kò tún wo ojú obìnrin kankan lọ́jà mọ́.

Kí n tó lọ, bàbá náà béèrè bóyá kí ọmọ òun gé gbogbo àfikún náà kúrò, kí ẹ̀gbà náà lè wọ ọmọ tuntun.

“Rárá, Bàbá. A ó wá òmíràn fún ọmọ.”

Mo fi ẹ̀gbà náà sí ọwọ́ ara mi. Ní èbúté, awakọ̀ na ọwọ́ sí mi, ó gbá ọrùn ọwọ́ mi mú, tẹ̀gbà-tẹ̀gbà.

“Ẹ wọlé, Màmá. Mo ti dì yín mú.”

“Tú u sílẹ̀,” mo wí. “Ọwọ́ mi ni kí o dì mú. Má dì mí ní ẹ̀gbà.”

Ó wò mí, ó sì mú ọwọ́ mi.