Ẹyin Tí Kò Dáhùn Àgò

Láàbù wa ní Àjàó Estate, níbi tí a ti ń so ẹyin obìnrin pọ̀ mọ́ àtọ̀ fún àwọn tó ń wá ọmọ, kì í rùn, kì í sì í ta sánsán. Lọ́fínńdà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, nítorí ọlẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí dáadáa kò fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Jakande a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi nìkan ni omidan tí kò ní òórùn kankan lára. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín ni.

Aránṣọ kan láti Mafoluku ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti gba ẹyin lára rẹ̀, tí a fi abẹ́rẹ́ fi àtọ̀ ọkọ rẹ̀ sínú wọn, kò sì sí ẹyọ kan tó di ọlẹ̀. Nígbà tó padà wá, ó jókòó síwájú mi, ó ń fi èékánná tú òwú létí aṣọ rẹ̀.

"Àǹtí dókítà, èyí ló kẹ́yìn o, ara mi ò gbà á mọ́. Ẹ ṣáà sọ òótọ́ fún mi, kí ló ń ṣe ẹyin mi?"

Mo lè da gírámà bò ó, ṣùgbọ́n ó jù mí lọ, ìbéèrè rẹ̀ sì wọ̀ mí lára.

"Ẹ̀gbọ́n, tí àlejò bá dé ẹnu ọ̀nà yín, kí ló máa sọ?"

"Á ní àgò. Èmi náà á ní àgò yà."

Mo wá ṣàlàyé fún un pé ara ẹyin ní ẹnu ọ̀nà tín-ín-tìn-tín tí kálísíọ̀mù, èyí tó ń mú eegun le, ń gbà kọjá. Bí àtọ̀ bá ti wọlé, kálísíọ̀mù gbọ́dọ̀ ru sókè nínú ẹyin léraléra. Òun ni àgò yà tirẹ̀. Láìsí i, ẹyin á máa sùn lọ.

"Ṣé ẹ lè bá mi jí i?"

Omi oògùn kan wà tí a lè rẹ ẹyin sí, tó ń la ọ̀nà fún kálísíọ̀mù, ṣùgbọ́n a kò lò ó rí níbi iṣẹ́ wa. Mo lọ sọ ọ́ fún ọ̀gá mi obìnrin. "Ó dá ẹ lójú?" Mo ní ohun tó ń ṣe ẹyin náà dá mi lójú, bóyá oògùn á jẹ́ ni n kò lè búra sí. Wọ́n ṣàlàyé ewu ibẹ̀ fún tọkọtaya náà, àwọn méjèèjì gbà, ọ̀gá sì ní kí n ṣe é fúnra mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo fi àtọ̀ sínú àwọn ẹyin rẹ̀ tuntun, tí mo sì rẹ wọ́n sínú oògùn náà, mo fojú sí maikirosíkóòpù. Nínú ẹyin àkọ́kọ́ ni mo ti rí òbìrìkìtì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti ìyá àti ti bàbá, àmì pé ẹyin ti jí. Ọkọ̀ òfuurufú ń kọjá lórí wa, fèrèsé ń gbọ̀n, mo sì yára fà sẹ́yìn kí omijé mi má baà kán sórí iṣẹ́. Orí mi wú.

Mo ti gba ìwé ẹ̀rí lóríṣiríṣi láti ìgbà náà, ìyá mi sì gbé gbogbo wọn kọ́ sí pálọ̀. Nínú pálọ̀ yẹn náà ni a wà ní ọdún Kérésì tó kọjá nígbà tí aránṣọ náà mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá kí wa. Ohùn kékeré kan ló kọ́kọ́ dé etí wa láti ìta: "Àgò onílé o."

Ìyá mi ti la ẹnu láti dáhùn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi èyí sílẹ̀ fún mi.

"Àgò yà o," ni mo wí, mo sì dìde lọ ṣílẹ̀kùn.