Iyẹ̀pẹ̀ Tí A Fi Wá Kilé Mi

Ọdún kẹta tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa òfin àti ìwà ọ̀daràn ní yunifásítì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ayé. Kò sí bí èèyàn ṣe máa ka irú ìwé tí à ń kà kó má fura. Bí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín sí mi lọ́nà, màá máa rò ó pé kí ló ń wá. Ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Akron, a máa wí fún mi pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ ni àbí àìsàn?" Inú máa ń bí mi, nítorí mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà gan-an. Iwájú ni mo máa ń jókòó sí nínú kíláàsì, bí olùkọ́ bá sì ń tú ẹjọ́ kan palẹ̀ lédè Faransé, ara mi á yá gágá bíi ti ẹni tó ń jẹ àkàrà gbígbóná.

Ìwé ìparí ẹ̀kọ́ mi dá lórí olè jíjà kéékèèké láàárín ará ilé kan náà: kí ló dé tí àwọn èèyàn wa kì í gbé e lọ sí komisaria, lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá? Mi ò lọ jìnnà wá àpẹẹrẹ. Nínú àgbàlá wa, bí nǹkan bá sọnù, iyẹ̀pẹ̀ la fi ń wá a. Ìyá àgbà á ní kí gbogbo ilé, onílé àti ayálégbé, lọ bu iyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn kànga, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbé e wá nínú abọ́ tí wọ́n fi aṣọ bò. Kálukú á da tirẹ̀ sí ojú kan náà. Nígbà tó bá di òkìtì, Ìyá àgbà á fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Ẹni tó mú nǹkan náà á ti rì í mọ́ inú iyẹ̀pẹ̀ tirẹ̀, nǹkan á jáde, olóhun á gbà á, ọ̀rọ̀ parí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè ẹni tó mú un. Ní orí kejì ìwé mi, mo bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà yìí. Mo kọ ọ́ pé ó ń jẹ́ kí ọ̀daràn lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ọ̀sẹ̀ tó kù kí n fi ìwé náà lé àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ ni kilé mi sọnù, ohun pẹlẹbẹ kékeré tí à ń kì bọ kọ̀ǹpútà, tí mo fi gbogbo iṣẹ́ ọdún náà pamọ́ sí. Kọ̀ǹpútà tí mo fi kọ ọ́, mo yá a ni, mo sì ti dá a padà. Bí n kò bá rí kilé yìí kó tó di ọjọ́ Ajé, mo máa tún ọdún náà ṣe ni. Mo tú yàrá mi, mo tún un tú. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó, mo mú bíìkì, mo kọ orúkọ àwọn tí mo fura sí sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa.

Ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo àmì tọ́ka sí: ìyá ológàrí. Ayálégbé ni, Akpro-Missérété ló ti wá, yàrá rẹ̀ ló kángun sí tèmi, ẹnu géètì wa ló sì ti ń tajà. Ó ti wọ yàrá mi lọ́jọ́ Rú, ó wá yá ṣájà. Mo lọ bá a nídìí gàrí rẹ̀, lójú àwọn oníbàárà, mo dúró lé e lórí bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Aago mélòó lẹ wọlé? Ibo lẹ dúró sí? Kí lẹ fọwọ́ kàn?

Ó gbé igbá tó fi ń wọn gàrí sílẹ̀. Gun ni èdè rẹ̀, Yorùbá kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tó sọ yé mi yékéyéké. "Àbúrò, ṣé olè lo pè mí?"

"Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Mò ń ṣèwádìí ni."

Obìnrin méjì tó ti wọn gàrí tán dà á padà sínú abọ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ológàrí ń di àpò rẹ̀. Ó ní òun ń padà sí Akpro-Missérété, pé ẹni tí wọ́n bá ti pè lólè nídìí oúnjẹ, ta ni yóò tún ra oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀? Ìyá àgbà bẹ̀ ẹ́ kó dúró di àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kí a fi iyẹ̀pẹ̀ wá kilé náà. Èmi ni Ìyá àgbà kò bá sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn ní, "O ṣé o, ọlọ́pàá."

Nígbà tó kàn mí láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbé abọ́, mo sì mú agolo mílíìkì kan tó ṣófo lẹ́bàá fèrèsé mi láti fi bu iyẹ̀pẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn kànga, nǹkan kan dún nínú agolo náà. Mo dà á délẹ̀. Kilé mi ni.

Ìgbà náà ni mo rántí. Lọ́jọ́ Rú, olùkọ́ wa sọ fún wa pé abẹ́ ìrọ̀rí ni olè kọ́kọ́ ń wò. Mo délé, ẹ̀rù bà mí, mo yọ kilé kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí, mo jù ú sínú agolo, oorun ọ̀sán sì gbé mi lọ. Mo gbàgbé pátápátá.

Mo wò yíká, kò sí ẹnì kankan. Mo ti kilé náà bọ inú abọ́, mo bu iyẹ̀pẹ̀ lé e lórí, mo fi aṣọ bò ó. Àṣà tí mo fi odidi orí kan bú, abẹ́ rẹ̀ ni mo sá sí.

Ìyá àgbà jọ iyẹ̀pẹ̀ títí kilé fi yọ. Gbogbo ilé hó. Ìyàwó ilé kan fọwọ́ gbá ìyá ológàrí léjìká, ó ní, "Ẹ ṣé gan-an tí ẹ dá a padà. Ó ti tán." Òmíràn ní Ọlọ́run á dárí jì í. Inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìyá ológàrí wọlé lọ, ó gbé àpò àkọ́kọ́ jáde, ó ń wá ẹni tí yóò gbé e rù ú.

Mo dúró, kilé wà lọ́wọ́ mi. Mo ti rí iṣẹ́ mi gbà padà. Kò sẹ́ni tó máa bi mí ní nǹkan kan, kò tilẹ̀ sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bi mí.

"Ìyá àgbà, èmi ni," mo wí. "Inú agolo mi ni mo fi í sí, mo sì gbàgbé. Èmi ni mo rì í mọ́ iyẹ̀pẹ̀." Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè.

Ìyá àgbà gbé asẹ́ sílẹ̀. "Mo mọ̀," ó ní. "Gbogbo wọn ń wo ọwọ́ mi. Ìwọ nìkan ló ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ. Mò ń retí bóyá wàá sọ ọ́ ni."

Mo kúnlẹ̀ fún ìyá ológàrí. Kò gbé mi dìde kíá. "Ẹnu géètì lo ti bi mí léèrè," ó ní. "Ẹnu géètì náà ni wàá ti bẹ̀ mí."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó tì í lọ́jọ́ náà títí ọjà fi tú, tí gbogbo ẹni tó bá wá ra gàrí, màá sọ fún un pé èmi ni mo fẹ̀sùn èké kan obìnrin yìí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti ń gbádùn rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ fò ó, á fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi: "Sọ ti agolo." Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nírọ̀lẹ́, ó ní kí n gbé àpò rẹ̀ padà sínú yàrá, mo sì gbé e. Ó wúwo, inú mi sì dùn.

Mo yá kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Àìkú, mo tún orí kejì kọ. Mo kọ ọ́ pé iyẹ̀pẹ̀ lè bo ẹni tó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kò lè wẹ ẹni tí a ti pè lólè mọ́. Ẹnu tó pè é ni yóò wẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí mo lọ gbèjà ìwé náà níwájú àwọn olùkọ́ mẹ́ta, Ìyá àgbà àti ìyá ológàrí jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, Ìyá àgbà ń túmọ̀ Faransé sí i létí. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ bi mí bí mo ṣe mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ri nǹkan mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Mo dáhùn pé mo mọ ẹni náà dáadáa. Mo fẹ́ dákẹ́ síbẹ̀.

Láti ẹ̀yìn ni ohùn kan ti ta sí mi, tí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́: "Sọ ti agolo!"