Bí Mo Ṣe Mú Ìyá Ìyàwó Mi Rin Nàìjíríà Nínú Pálọ̀

Aago márùn-ún ìdájí la gbéra. Kò sí ìdí tí a kò fi lè gbéra ní aago mẹ́sàn-án, nítorí láti yàrá dé pálọ̀ ni gbogbo ọ̀nà tí a fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó mi ní òun kò tíì gbọ́ ìrìn àjò gidi tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ. Ó ti wẹ̀, ó ti wé gèlè, ó sì gbé báàgì kọ́ apá. Púpurú, oúnjẹ tí àwọn Ìkálẹ̀ ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tó fi ewé wé àti ẹja yíyan mẹ́ta ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rá méjì, bí èébì bá lọ gbé e lójú ọ̀nà.

Ẹ̀bi ẹnu mi ni. Lọ́dún tí mo lọ tọrọ ìyàwó ní Ìjù-Odò, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, ọ̀rọ̀ sì ń dùn lẹ́nu mi. Mo sọ fún ìyá yìí lójú gbogbo ẹbí pé n óò mú un rin Nàìjíríà já, láti Òkè Ìdànrè títí dé Yankari níbi tí erin ti ń rìn gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá kọjá, ibi tó jìnnà jù tí mo mú un dé ni ọjà Òkìtìpupa. Nígbà tó wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa lọ́dún náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti bàjẹ́ débi pé ọ̀pá ló fi ń rìn. Kó tó kúrò nílé, ó ti sọ fún àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ pé àsìkò ìrìn àjò náà ti tó, àti pé òun á dìde ròyìn rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Bí kò bá rí nǹkan kan sọ, gbogbo Ìjù-Odò á mọ̀ pé ẹnu lásán ni ọkọ ọmọ rẹ̀ tó kàwé ní.

Àsìkò náà gan-an ni bẹntiróòlù di ohun àwátì. Ìlà ọkọ̀ tó wà nílé epo gùn débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá sún mọ́ ilé rẹ̀ ju ilé epo lọ. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Òde-Ìrèlè, mo ra gálọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń tà á níwájú ilé. Iye tó pè é mú kí n bi í bóyá ó ṣèèṣì ka ọ̀kadà náà mọ́ ọn. Epo náà kò lè gbé mọ́tò mi dé Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kékeré lè mu ún fún wákàtí mélòó kan, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n ti dé. Mo yá kásẹ́ẹ̀tì fídíò mẹ́ta lọ́wọ́ ọkùnrin kan létí gáréèjì, náírà mẹ́wàá mẹ́wàá: Ìdànrè, Ìkógòsì, Yankari. Bírò ló fi kọ orúkọ sára wọn.

Jẹnẹrétọ̀ kò sí nílé mi. Ti Ọ̀gbẹ́ni Bándélé ni, aládùúgbò wa, ará Ìbàdàn tó ń ṣiṣẹ́ ní kánsù. Ẹni tó bá yá jẹnẹrétọ̀ náà ti yá olówó rẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí ìlú tí ẹ lè dá orúkọ rẹ̀ ní Nàìjíríà tí ọkùnrin yìí kò ní sọ pé òun ti sùn níbẹ̀ rí. Táì ló wọ̀ wá, ní aago márùn-ún ìdájí.

Ìyàwó mi to àga bí ìjókòó mọ́tò. Ìyá kọ̀ láti jókòó sáàárín, ó ní ẹ̀gbẹ́ wíńdò lòun fẹ́. Ó gbàdúrà pé kí a má pàdé adigunjalè, kí awakọ̀ má sì sùn. Èmi ni awakọ̀, rimóòtù wà lọ́wọ́ mi.

A kọ́kọ́ dé Ìdànrè. Inú ọkọ̀ ni ẹni tó ya fídíò náà ti yà á, ọ̀nà orí òkè sì rí kọ́lọkọ̀lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tíì pé tí Ìyá fi na ọwọ́ mú ọ̀rá. Mo tẹ pọ́ọ̀sì, ìyẹn bọ́tìnnì tí a fi ń dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró, òkè náà sì dúró gbọn-in títí ó fi lọ gba atẹ́gùn níta. Nígbà tó padà, àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ gun àpáta náà yà á lẹ́nu. Nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ibi tó ga jù tí ènìyàn ń gùn ni orí ọ̀pẹ. Ó béèrè ibi tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ sí lórí òkúta.

Ní Ìkógòsì, a rí omi gbígbóná tó ń ṣàn jáde látinú ilẹ̀, omi tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì pàdé.

Ìyá ní, “Ta ló ń dáná sí i?”

Ọ̀gbẹ́ni Bándélé tún táì ṣe, ó ṣàlàyé nípa abẹ́ ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìyá tẹ́tí sí i dé òpin.

“Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Mo ní ta ló ń dáná sí i?”

Ó ní ká ní Ìjù-Odò ni irú omi bẹ́ẹ̀ wà ni, kánsù ì bá ti wá gba owó orí rẹ̀. A jẹ púpurú àti ẹja létí omi náà.

Ó wá ku Yankari. Ọ̀nà pupa kan ló yọ, igbó lọ́tùn-ún lósì, àti ọ̀pẹ tó pọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Bándélé nà sórí àga. “Ọ̀nà tí mo gbà gan-an rèé. Abẹ́ igi yẹn ni mo dúró sí tí erin fi kọjá lára mi báyìí.”

Ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá pẹ̀lú ìdì ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a rí àwọn ìjókòó lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, àti ìyàwó tuntun nínú aṣọ funfun. Ọ̀gbẹ́ni Bándélé ní wọ́n máa ń ṣe ìgbéyàwó fún àwọn àlejò níbẹ̀.

“Yankari wo?” Ìyá ti sún síwájú. “Ìgbòtakò wa nílẹ̀ Ìkálẹ̀ níbí lèyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń gbé níyàwó yẹn.”

Kí n tó ráyè wí nǹkan kan, obìnrin kan jó wọ àárín agbo, ó tẹ̀ ba, ó yí, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbo ilẹ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ ni, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bàjẹ́. Kò sí ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, mo ń tọrọ àforíjì.

Ó ní, “Ẹ má dá ọkọ̀ dúró.”

Nígbà tí ijó náà parí, ó ní kí n yí i padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la padà sí Ìgbòtakò. Lẹ́ẹ̀kẹta, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó sì kú. Bẹntiróòlù ti tán, a kò sì rí erin kankan.

Lọ́jọ́ Sátidé mo fi takisí sìn ín lọ sí Ìjù-Odò. A rin Nàìjíríà láìfarapa, ṣùgbọ́n kòtò ojú ọ̀nà yìí ló jẹ́ kí ọ̀rá náà wúlò. Búrẹ́dì mẹ́fà ló ní kí n rà ní gáréèjì, nítorí kò sí ẹni tó ń ti àjò bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kí n gbọ́ ẹjọ́ mi. Ìyá fi ọ̀pá dìde. Èdè Ìkálẹ̀ ló fi sọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì nìyí:

“Ọkọ ọmọ mi ti mú mi lọ. Mo rí Ìdànrè, n kò gùn ún. Mo rí omi Ìkógòsì, n kò fọwọ́ kàn án. Yankari, ọkọ̀ ṣìnà, Ìgbòtakò ló já wa sí. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹsẹ̀ mi.”

Olórí àwọn obìnrin béèrè irú ọkọ̀ tí a wọ̀.

“Àga pálọ̀ rẹ̀ ni.”

Mo tẹ orí ba, mo ń retí ẹ̀rín. Obìnrin náà bi í bóyá àyè ṣì wà nínú ọkọ̀ náà.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé n kò mọ ohun tí ìyá yìí fẹ́ rí ní gbogbo ọdún mẹ́rìnlá náà. N kò bi í rí. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí mo ti tún lọ ra bẹntiróòlù ní Òde-Ìrèlè, wọ́n kanlẹ̀kùn ní aago márùn-ún ìdájí. Obìnrin márùn-ún ni, pẹ̀lú oúnjẹ àti ọ̀rá. Ìyá ló ṣáájú wọn, ó ní Ìgbòtakò ni kí a kọ́kọ́ yà. Ọ̀gbẹ́ni Bándélé ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ó ń sọ fún wọn pé òun mọ Ìgbòtakò dáadáa.