Edé Tí A Kò Fọwọ́ Kàn ní Yábàá

Bí àwọn ọmọ òde òní bá jókòó síwájú mi, tí wọ́n ń ròyìn ilé oúnjẹ ńlá kan ní Erékùṣù Èkó tí wọ́n ti lọ jẹ oúnjẹ àwọn ará Sípéènì, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ fún wọn pé mo ti jẹ ẹ́ ní Yábàá kí a tó bí wọn, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn tí a kúrò lórí pọ́n-ùn bọ́ sí náírà. Wọn kì í gbà mí gbọ́. N kì í bínú sí wọn, nítorí obìnrin tó sè é kò sí nínú ìwé kankan. Àbúrò bàbá mi ni. Èmi ni mo ní ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́, mo sì ń fi í yangàn gan-an.

Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é. N kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀, káfíńtà kan, lọ sí Fànándò Pó, erékùṣù tí àwọn ará Sípéènì ń jọba lé lórí nígbà náà, tí àwọn èèyàn wa ń lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó sí. Bàbá mi ní kí ó má lọ. Akọ̀wé rélùwéè ni bàbá mi ní Èbúté Mẹ́ta, ìyá kan náà ló bí òun àti Àǹtí, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá lọ sí Fànándò Pó ti fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà ni. Àǹtí lọ. Ọkọ rẹ̀ kú síbẹ̀, ó sì wọ iṣẹ́ ilé ìdáná dókítà ará Sípéènì kan, níbi tó ti kọ́ oúnjẹ wọn dé góńgó. Mo ti dàgbà, mo ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí nǹkan dàrú lọ́hùn-ún, tí ìjọba wa fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn èèyàn wa bọ̀ wálé, àpótí kan ṣoṣo ló gbé wọ ilé wa ní Sùúrùlérè. Ìyá mi gbá a mọ́ra, ó ní àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Bàbá mi fún un ní yàrá. Kò lé e, kò sì bú u, ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀ tààrà. Èmi ló sọ di alágbàsọ. Ó lè sọ fún mi pé kí n sọ fún un pé omi ti dé, kí n bi í bóyá ó rí oorun sùn, bẹ́ẹ̀ Àǹtí wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lè tó o. Ní àràárọ̀ ni ó ń kúnlẹ̀ kí bàbá mi, bàbá mi á sì kọjú sí fèrèsé dá a lóhùn. Bó bá sì jẹ́ pé Àǹtí ló dáná, bàbá mi á ní òun ti yó. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì bàbá mi kò yọ jáde nínú àpò. Inú bí mi sí i. Èmi kì í ṣe onísùúrù èèyàn. Ìyá mi ní ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá méjì ni, kí n má ki ẹnu bọ̀ ọ́.

Àwa yòókù ń jẹun ní tiwa. Ẹyin àti pòtétò ló kọ́kọ́ sè fún wa, tó dín in nípọn bí ìrọ̀rí kékeré, tó yí i padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò sì fọ́. Mo gé e lọ sí ọ́fíìsì, wọn kò jẹ́ kí n fi ẹnu kàn án. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ọbẹ̀ tòmátì kan báyìí tí wọn kì í gbé kaná rárá: tòmátì, tàtàṣé, àlùbọ́sà àti búrẹ́dì, a lọ̀ ọ́ pọ̀, ó di inú firíìjì. Àǹtí gbé e síbẹ̀, ó lọ sí ọjà. Ìyá mi ṣí firíìjì, ó rí ata tútù, ó rò pé Àǹtí gbàgbé láti sè é ni. Ó fi òróró àti iyọ̀ sí i, ó dín in títí ó fi gbẹ dáadáa, ó sì ju ẹja sínú rẹ̀. Nígbà tí Àǹtí dé, ó jókòó sílẹ̀ nílé ìdáná, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn.

Ó rí iṣẹ́ ní ilé oúnjẹ kan ní Yábàá, kò jìnnà sí ọ́fíìsì tí mo ti ń tàìpù. Abọ́ ni wọ́n gbà á láti máa fọ̀. Ọ̀gá tó ni ibẹ̀ ti ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ ojú omi rí, oúnjẹ Òyìnbó ló sì kọ sára ògiri: ìrẹsì díndín, adìyẹ yíyan, sàláàdì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Àǹtí sọ fún un pé òun mọ ìrẹsì kan sè, páéyà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tà rí ní gbogbo agbègbè náà. Ọ̀gá ní òun ti rí i ní èbúté kan lókè òkun, àmọ́ àwọn èèyàn wa kò ní jẹ ẹ́. Àǹtí kò jẹ́ kó sinmi. Níkẹyìn, ọ̀gá fún un ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan: kí ó sè é fún tábìlì kan. Bí àwọn tó jókòó síbẹ̀ bá jẹ ẹ́, yóò kúrò nídìí abọ́, yóò di alásè. Bí wọn kò bá jẹ ẹ́, kí ó má dárúkọ rẹ̀ mọ́ láéláé. Mo ní èmi ni n ó kó àwọn tó máa jẹ ẹ́ wá.

Ọ̀sẹ̀ náà kò rọrùn. Kò sí irú páànù tó ń fẹ́ ní ọjà kankan. A lọ sí Pápá Àjàó, ó sì dúró ti wẹ́dà kan lórí títí ó fi gé ìdí dúrọ́ọ̀mù, tó lù ú fẹ̀, tó jó etí méjì mọ́ ọn. Ó dà bí agbada àkàrà, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ. Ìrẹsì tó tóbi tó sì rí róbótó ló fẹ́, nítorí náà Ọ̀fadà ló rà, a sì jókòó ṣa òkúta inú rẹ̀ títí ọrùn fi ń ro wá. Àtalẹ̀ pupa ló fi dípò èròjà olówó gọbọi kan tí kò sí lọ́dọ̀ wa. Ó ra edé ńláńlá, akàn àti ìṣáwùrú ní etí omi ní Mákòókò. Nígbà tó wá fi ìrẹsì díẹ̀ lásán dán páànù náà wò lórí iná nílé, kò dé e, kò sì rò ó. Mo bá a jà. Mo ní ìrẹsì tí a kò dé, ta ni yóò bá wa jẹ kókó inú rẹ̀? Ó ní kí n lọ jókòó sídìí táìpù mi.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, mo sì fi ìyẹn bẹ bàbá mi. Ó ní òun yóò wá nítorí tèmi, kì í ṣe nítorí ìrẹsì ẹnikẹ́ni. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ni a gba ibẹ̀ lọ: bàbá mi, ìyá mi, èmi, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní ọ́fíìsì àti ọkọ rẹ̀. Nígbà tí Àǹtí àti ẹnì kan gbé páànù náà jáde, tábìlì méjì yòókù yí orí padà. Ìrẹsì náà pọ́n bí pupa inú ẹyin, ó tẹ́ rẹrẹ, edé tò yí àárín rẹ̀ ká, akàn àti adìyẹ wà láàárín wọn. Wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n fún wa ní ṣíbí, kò sí abọ́. Àǹtí ní bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn, gbogbo ilé nínú páànù kan. Ó sì padà sí ilé ìdáná.

Bàbá mi bu ṣíbí kan níwájú rẹ̀. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Ó bu èkejì. Àwa náà bẹ̀rẹ̀. Mo ti jẹ ìrẹsì láyé mi, n kò tíì jẹ irú ìyẹn: omi edé ti wọ inú rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ, ó ń dún wómúwómú lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹran kò lọ. Ta ni yóò na ọwọ́ sí i? Bàbá mi ni àgbà, òun kò sì fọwọ́ kàn án. Ìyá mi ń wò ó. Ọkọ ọ̀rẹ́ mi tẹ ojú mọ́ edé kan bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ó ń bu ìrẹsì lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ mú un. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó yẹ kí n bẹ bàbá mi kí ó pín in, ṣùgbọ́n mo mọ bàbá mi: ẹni tó bá pín ẹran ni baálé ìkòkò náà, bí ó bá sì di baálé ìkòkò náà, ẹni tó sè é ti di tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí pé yóò kọ̀. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo fi ìrẹsì dí i.

Ọ̀gá dúró sí ìdí káńtà, ó ń wo ẹran tó tò lọ rẹrẹ láìyẹ̀. Mo rí i tó mi orí, tó wọ ilé ìdáná. Àǹtí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́: òun ti wí, wọn kò jẹ ẹ́, kí ó lọ gbé e kúrò, òun yóò fi ìrẹsì díndín tù wá nínú, kí ó sì padà sídìí abọ́.

Àǹtí jáde wá láti gbé e. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí páànù mú, ó sì wo inú rẹ̀. A ti jẹ ìrẹsì náà yí po títí dé irin, àárín nìkan ló kù, pẹ̀lú gbogbo ẹran lórí rẹ̀. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yé e. Ní ilé dókítà, ohun tó bá wà níwájú oníkálukú ni yóò jẹ, ìrẹsì àti ẹran, kò sí àgbà kò sí ọmọdé. Ó ti pẹ́ lọ́hùn-ún débi tó gbàgbé pé ọ̀dọ̀ wa ló wà. Ó fi etí páànù sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, lójú gbogbo èèyàn.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pín ẹran fún àwọn ọmọ.”

Bàbá mi yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́. Ó kọjú sí mi, mo rò pé iṣẹ́ ló tún fẹ́ rán mi. Ó yí sí Àǹtí tààrà.

“Dìde,” ó ní. “Fa àga kan, kí o jókòó.”

Ó ní kí wọ́n fún òun ní abọ́ kan. Edé tó tóbi jù nínú páànù ló mú, ó gbé e síwájú Àǹtí kí ó tó fún ìyá mi, kí ó tó fún àlejò. Lẹ́yìn náà ló pín tiwa, ó sì bu ìrẹsì àárín jẹ. Àǹtí di edé náà mú, kò lè jẹ ẹ́. Omi bọ́ lójú mi, ojú kò sì tì mí.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá dé. Ó bẹ̀ wá, ó ní òun mọ̀ pé oúnjẹ náà ṣàjèjì sí wa, ìrẹsì díndín ń bọ̀, ṣé kí wọ́n máa gbé èyí lọ. Bàbá mi dìde. Kì í ṣe ẹni tó ń dìde fún ẹni tó kéré sí i, ohùn rẹ̀ sì dé àwọn tábìlì yòókù.

“Ẹ má gbé nǹkan kan lọ,” ó ní. “Ọmọ ìyá mi ló sè é. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́ ọ wò, ẹ fa àga, kí n pín tiyín fún yín.”

Ọ̀gá fa àga. Láti ọjọ́ náà, Àǹtí mi kò fọ abọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ ní Yábàá.