Ẹ̀rọ Gàrí Tó Ń Kánjú

Ìgbìmọ̀ kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Èrúwà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti so ọgbọ́n ìwé pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìlú. Èmi ni akọ̀wé. A máa ń ṣèpàdé, a máa ń jẹ mítípáì, a sì máa ń sún ìpàdé síwájú. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀gá wa rọ ẹ̀rọ gàrí kan. Wọ́n ní ẹ̀gẹ́ tó bá wọ ibẹ̀ láàárọ̀, gàrí ni yóò jẹ́ kí oòrùn tó kanrí. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ lò ó ni wọ́n ń wá. Mo ń retí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, n kò ní í purọ́, ni mo bá ní ìyá mi ń yan gàrí ní Lánlátẹ̀.

A gbé e lọ sí àgọ́ ìyá mi. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ọ̀gá tó kó wa wá lójú.

"Ọ̀gá, ibo lẹ fẹ́ kí ẹ̀gẹ́ ti kan?"

Ọ̀gá ní kò sídìí fún ìyẹn mọ́, ẹ̀rọ ti fún omi rẹ̀ dànù. Ìyá mi wò mí. Èmi tí mo ṣeré dàgbà láàárín àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbé òkúta lé fún ọjọ́ mẹ́ta kó lè kan, bàtà mi ni mo ń wò.

Gàrí yẹn funfun, ó gbẹ táútáú, àmọ́ kò kan rárá. Èmi àti ìyá mi gbé e lọ sọ́jà. Lọ́dọ̀ tiwa, oníbàárà kì í béèrè iye kó tó fi ìka mẹ́ta bù ú sẹ́nu. Wọ́n bù ú, wọ́n kí ìyá mi dáadáa, wọ́n sì kọjá sí ìsọ̀ kejì. Obìnrin kan tó ti ń ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi dúró.

"Màmá, ṣé ara yín le?"

Ojú tì mí bí ẹni pé kí n kó sínú àpò.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìgbìmọ̀ dé pẹ̀lú onífọ́tò àti ìwé tí ìyá mi yóò tẹ̀ka sí, pé ẹ̀rọ náà dára. Ẹnu ìyá mi mú ju abẹ lọ. Mo mọ̀ pé ìgbéga mi ti wọmi. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó tẹ̀ka.

"Ẹ̀rọ yín dára, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọlọ́run á fún yín lọ́gbọ́n kún un."

Wọ́n ṣe àmín tayọ̀tayọ̀.

Wọ́n gbé mi ga. Adìyẹ ló ń yé sínú ẹ̀rọ báyìí. Ìyá mi ti padà sídìí òkúta rẹ̀, àwọn oníbàárà náà ti padà. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí i, gàrí ẹ̀rọ yẹn náà ló ń bù fún mi. Ó ṣì ku àpò méjì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu èyí tó kan fún mi."

"Èmi tẹ̀ka pé ó dára torí tìẹ," ó ní. "Ìwọ náà, mu ún tán."